Ẹ ya àwòrán ìpolówó náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun bàjẹ́ nígbà tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ fún iṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìpolówó kan yọ sí mi lójú fóònù: owó yíyá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí onídùúró, èlé 5% péré, oṣù mẹ́ta láti dá a padà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ká ní 100 ni mo béèrè, 80 ló wọlé. Wọ́n ti yọ 20 tó kù, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́. Ọjọ́ keje kò tíì ṣú tí wọ́n fi ní kí n san 105. Ẹ bá mi ṣírò ó: 25 lórí 80 tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lé ní 31%, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ó ti kọjá sọ́gundógójì tí àwọn àgbà ń sá fún.

Ohun tó dùn mí jù ni pé 5% yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni, wọ́n sì kà á lórí owó tí n kò gbà pé. Torí irú èyí ni òfin Amẹ́ríkà kan, Truth in Lending Act ti 1968, ṣe ní kí ayánilówó sọ iye tí owó náà máa náni bí a bá kà á sí ọdún kan, pẹ̀lú owó iṣẹ́ nínú. Ìpolówó tó bá dárúkọ èlé láì sọ bóyá ti ọ̀sẹ̀ tàbí ti ọdún ni, mi ò kì í dúró wò ó mọ́.

Mo lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kí n fi ìpolówó náà hàn. Mo wá a títí, kò sí mọ́. Àdéhùn tí mo tẹ “mo gbà” sí kò sì dárúkọ oṣù mẹ́ta níbì kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tẹ ìpolówó owó kankan, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kí orúkọ ẹni tó gbé e síta àti ọjọ́ hàn níbẹ̀. Ẹ ya ti àdéhùn náà pẹ̀lú. Facebook ní Ad Library lóòótọ́, ìyẹn ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wo àwọn ìpolówó tó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ìpolówó ọjà tí wọ́n bá ti dá dúró kì í sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo tẹ ìpolówó náà, mo tún rò pé Google àti Facebook ti bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Láti oṣù Keje 2016 ni Google ti fòfin de ìpolówó owó yíyá tí wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín ọjọ́ 60. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí ayánilówó náà fi kọ oṣù mẹ́ta sí ìpolówó rẹ̀. Ẹ wá orúkọ ayánilówó láàárín àwọn tí ìjọba fún níwèé àṣẹ, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ìjọba náà. Ẹ má gba líǹkì tí wọ́n bá fún yín, torí ayédèrú máa ń jí nọ́ńbà ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ gidi lò.

Áàpù wọn ní kí n jẹ́ kí òun wo gbogbo orúkọ tó wà lórí fóònù mi, mo sì gbà. Nígbà tí mo fi ọjọ́ méjì pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí pé ta ló ń kọ̀wé sí òun pé olè ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo rí mú padà lọ síbi tí mo ti fẹjọ́ sùn.