Ojú kejì Sunny

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka Akata Witch lálẹ́ àná, ìwé tí Nnedi Okorafor kọ lọ́dún 2011. Àfín ni Sunny, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Aba kì í jẹ́ kó sinmi. Ó wo iná àbẹ́là, ó sì rí òpin ayé níbẹ̀. Àfín ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà.

Bá a ṣe dé ibi tí ojú ẹ̀mí Sunny, ìyẹn ojú rẹ̀ kejì tó fara sin, yọ, tó rí bí oòrùn oníwúrà (oòrùn tó ń jó o lára yìí kan náà!), ọmọ yìí gba ìwé lọ́wọ́ mi: "Àǹtí, ẹ jẹ́ n tún un kà." Ó kà á ketekete. Omi bọ́ lójú mi. Akata Warrior, ìwé tó tẹ̀ lé e, ló kàn.