Ohun tó dúró nínú ìkòkò wa lọ́dún yìí

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọyẹ́ ti dé, ọdún ń lọ sópin. Bí a bá wo ohun tó yí padà nínú ilé ìdáná láti oṣù kìíní tí a ti ń gbìyànjú láti fi oúnjẹ ìbílẹ̀ rọ́pò oúnjẹ inú páálí, ìpinnu kọ́ ló gbé èyí tó dúró ró. Ohun tí a ti pèsè sílẹ̀ kí ebi tó dé ni. Láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ń múra iléèwé, èyí tó bá wà nítòsí là ń gbé kaná. Bí kò bá sí ògì nílẹ̀, índómì ni.

Nítorí náà, ògì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣa múdù ọkà bàbà méjì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́ yìí tí omi ń tutù, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, àìpààrọ̀ rẹ̀ ló ń mú ògì rùn. Bí ẹ bá ti lọ̀ ọ́, ẹ má fi aṣọ tó dí jù sẹ́ ẹ, torí púpọ̀ nínú oore ọkà wà nínú èérí tí à ń dà nù. Níbi tí iná kò ti ṣeé gbára lé, bó ṣe rí ní ibi púpọ̀ láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ẹ jẹ́ kí ògì wà lábẹ́ omi, kí ẹ sì máa da omi orí rẹ̀ nù fún tuntun lójoojúmọ́.

Mágì ló le jù láti dín kù. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, iyọ̀ ló sì sábà máa ń ṣíwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì. Ẹni tó bá kó gbogbo mágì dà nù lẹ́ẹ̀kan, ará ilé á ráhùn, mágì á sì padà wá. Bí ọbẹ̀ bá ń gba mẹ́rin, ẹ lo mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó bọ́ sí méjì. Ahọ́n ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Irú ni kó gba ipò rẹ̀. Fún ìkòkò ẹlẹ́ni mẹ́fà, ṣíbí ìjẹun méjì irú pẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ kan àti ìkúnwọ́ edé lílọ̀ tó. Ẹ ṣa òkúta inú irú kúrò. Àlùbọ́sà ni kó kọ́kọ́ wọ epo, kí irú tẹ̀ lé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú méjì. Bí epo bá gbóná jù, irú á jó, gbogbo ọbẹ̀ á sì korò. Ẹ má sì jẹ́ kí epo pupa dá funfun lórí iná: àwọ̀ pupa yẹn ni ara wa fi ń ṣe fítámì A. Ìparí ni kí ẹ tó tọ́ iyọ̀ wò, torí wọ́n ti lè fi iyọ̀ sí irú àti ẹja lọ́jà.

Ẹ̀wà tuntun ti wọ ọjà. Oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń dà sí i ń bà wá lẹ́rù gan-an, bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan. Ẹ sá ẹ̀wà títí á fi máa ṣẹ́ láàárín eyín. Ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí ẹ dé e pa pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á fa atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, á kú. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké dára ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ̀wà tí kò gbẹ dáadáa á bu níbẹ̀.

Ọyẹ́ yìí náà ni àsìkò ọ̀rúnlá. Ẹ gé ilá tín-ín-rín, torí èyí tó nípọn ń bu láti inú. Orí ẹní ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe etí ọ̀dà tí eruku àti èéfín ọkọ̀ wà.

Búrẹ́dì kò tíì kúrò nílé, mínírà náà kò tíì kúrò. Fún Kérésì, a ti ra ewé sóbò àti ata ilẹ̀. Èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí a fọ̀ mọ́ la ó sè mọ́ ọn dípò ṣúgà. Kì í pẹ́ bàjẹ́ láìsí fíríìjì, ìwọ̀nba tí a máa mu tán lọ́jọ́ náà la ó máa sè.