Ohun tí mo kọ́ nídìí ògbufọ̀ fún dépítè ní Kétu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bá àwọn dépítè, ìyẹn àwọn aṣòfin, rìn nílẹ̀ Kétu níbí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n máa ń gbé gbohùngbohùn fún yín pé ó yá, ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí Onọrébù wí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Mo ti ṣe é fún ọdún mélòó kan, mo sì ti jẹ ìyà ẹ̀.

Onọrébù tí mo bá ṣiṣẹ́, ọmọ Kétu pọ́ńbélé ni, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ gan-an, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ òfin, Faransé nìkan ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Tí wọ́n bá parí ìjókòó nílé aṣòfin l'Àjàṣẹ́ (ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ti oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹwàá), á wá sílé wá ròyìn ohun tí wọ́n dìbò lé, èmi á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ yọ̀ ni òfin oyún ṣíṣẹ́ tí wọ́n dìbò lé l'óṣù kẹwàá 2021. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀ ní Faransé ń sọ̀rọ̀ ìlera ìbálòpọ̀ àti ìbímọ. Onọrébù ka orúkọ yẹn, ó ní àwọn ti tún òfin 2003 ṣe, ó tán. Èmi náà gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, mo ní wọ́n ti ṣòfin tuntun fún ìlera àwọn tó ń bímọ. Háà, àwọn ìyá pàtẹ́wọ́! Ọ̀kan bọ́ síjó. Mi ò purọ́, mo kàn da aṣọ bo ọ̀rọ̀ ni, Onọrébù náà mọ̀ pé mò ń bò ó, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Kò pẹ́ ni rédíò tú u síta. Lọ́jọ́ ọjà, màmá kan tó ń ta gàrí dì mí léjìká mú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ilé ìgbẹ̀bí lo ní wọ́n fẹ́ kọ́ fún wa?" Mi ò dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí rárá, àmọ́ ohun tó gbọ́ nìyẹn, ẹnu mi ló sì ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ ẹ̀ funfun fún gàrí, ojú ìka márààrún hàn lára búbá mi, mi ò sì lè gbọ̀n ọ́n nù níwájú ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin yẹn ṣeé là yé èèyàn. Ti 2003 ti gbà á tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, tàbí tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, tàbí tó jẹ́ ẹbí ẹ̀ ló fún un lóyún, tàbí tí àrùn burúkú bá wà lára ọmọ inú. Èyí tí wọ́n fi kún un ni pé obìnrin fúnra ẹ̀ lè bèèrè, kó má tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, tí oyún náà bá máa kó ìnira bá a ní ti owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ọkàn. Ẹni tí kò ní fara mọ́ ọn ò ní fara mọ́ ọn náà ni (wọ́n sì pọ̀, èmi gan-an ṣì ń rò ó), àmọ́ kò ní sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Látìgbà yẹn, inú mọ́tò ni mo ti máa ń sọ fún un: ẹ kí ọba, ẹ kí àwọn àgbà, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ sọ ìbò yín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní rárá, tàbí mi ò sí níjòókòó lọ́jọ́ náà. Àwọn dépítè máa ń fẹ́ ro ìdí mẹ́wàá ṣáájú, kí wọ́n tó wá sọ ìbò gan-an wúyẹ́ wúyẹ́ nígbà táwọn èèyàn ti ń gbọn aṣọ dìde.

Òfin ìdìbò ti oṣù kẹta 2024 ńkọ́? Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ní àga kan ṣoṣo nílé aṣòfin gbọ́dọ̀ rí ìbò 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan, agbègbè náà sì jẹ́ 24. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n kàn ń wò mí. Ni mo bá tọrọ àgbàdo, mo to òkìtì márùn-ún sórí àtẹ, ogún ẹyọ níkọ̀ọ̀kan, mo ní òkìtì kan ni agbègbè kan, ká gbà pé wọ́n jẹ́ 24, ta ló fẹ́ kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo mú ẹyọ kan kúrò nínú òkìtì kan, ó ku 19, mo bá gbá gbogbo márààrún dà sílẹ̀. Adìẹ ló kọ́kọ́ lóye, ó ti ń ṣà á jẹ. Bàbá kan ní, "Gbogbo ẹ̀? Torí ẹyọ kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, àfi táwọn ẹgbẹ́ bá ti jọ ṣàdéhùn kí ọjọ́ ìbò tó pé, ìyẹn náà, ẹni tí ò bá ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún kárí orílẹ̀-èdè ò lè bá wọn dà á pọ̀. Wọ́n pòṣé sí Onọrébù lọ́jọ́ yẹn torí ó ti sọ pé òun dì í ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò dì mí léjìká mú.

Èyí tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ti oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè ṣe. 90 ní bẹ́ẹ̀ ni, 19 ní rárá, ọdún márùn-ún di méje fún ààrẹ àti dépítè, wọ́n sì dá Sẹ́nátì, ilé ìgbìmọ̀ kejì, sílẹ̀. Ẹnì kan pariwo pé ẹ ti fi ọdún méjì bọ àpò ara yín, Onọrébù bá kó sórí àlàyé Sẹ́nátì. Mo fẹnu kò ó létí pé kò bi yín ní ti Sẹ́nátì o, ẹ sọ fún un pé wọn ò fi nǹkan kan kún tiyín, àwọn tí wọ́n bá yàn l'óṣù kìíní 2026 ló ni méje. Ó sọ ọ́, ara wọn rọlẹ̀ díẹ̀.

Màmá oní-gàrí wá dìde, ó ní kí ló dé tí wọn ò pe ìlú wá dìbò sí i. Onọrébù ní ìwé òfin àgbà sọ pé tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún aṣòfin bá ti gbà, kò sí ìdí láti pe ìlú, àwa 109, 88 ti tó, a sì rí 90. Mo túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Màmá ní, "Mo gbọ́ pé òfin gbà á. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ó wù yín kẹ́ ẹ bi wá?"

Onọrébù wojú mi, ó na ẹ̀rọ sí mi. Kò tíì sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ túmọ̀. Ẹ̀rọ yẹn kàn ń hó láàárín wa.