Okun 20, Wọ́n Ṣì Wọ́ Mi Nílẹ̀

Ojú kòkòrò ló kó bá mi, ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́.

Dungeons & Dragons là ń ṣe, eré ìtàn orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe akọni kan, tí dáìsì sì ń sọ bóun á ṣe é re. Àwa mẹ́rin ni, pẹ̀lú ẹni tó ń darí eré. Gẹ́gẹ́ bí òfin inú ìwé, ẹni tí kò bá fẹ́ ju dáìsì lè mú 15, 14, 13, 12, 10 àti 8, kó pín wọn fún akọni rẹ̀: okun, ìyára, òye àti àwọn yòókù. Adarí wa wá fi òfin ilé tirẹ̀ kún un: fún akọni rẹ ní àléébù kan, kó o gba máàkì kan kún nọ́ńbà tó wù ọ́. Kò sọ iye tá ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yẹ kí n ti fura sí ẹ̀rín yẹn.

Jagunjagun ni tèmi. Mo gbé 15 sórí okun, ojú mi wà lára 20, torí ibẹ̀ lòpin. Àléébù márùn-ún péré! Ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán, àbí? Mo kọ wọ́n wàràwàrà: ó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Kò lè purọ́. Eruku máa ń mú un sín. Ó jẹ ẹnìkan lówó. Ó wá ku ẹyọ kan, ọpọlọ mi ti gbẹ, mo bá kọ ọ́ pé bó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, á dákú.

Jagunjagun o.

Oṣó aràrá ni ọ̀rẹ́ mi mú. Okun rẹ̀ 8, kò gba àléébù kankan. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní bí atẹ́gùn bá dé, màá bá a di aràrá rẹ̀ mú.

A wọ ihò àpáta lọ jí adé ọba. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ni mo bá di ẹ̀wù aràrá mú lẹ́yìn bí ọmọdé. Eruku fẹ́, mo sín. Ẹ̀ṣọ́ méjì yọ sí wa: "Kí lẹ wá ṣe?" Oṣó ti ń la ẹnu láti sọ pé a ṣìnà ni. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Èyí tó sígbọnlẹ̀ yìí ni mò ń bi."

"Adé la wá jí, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ìjà bẹ́. Mo ju dáìsì olójú ogún, 20 gan-an ló jókòó! Gbogbo wa hó yèè. Idà mi ba ẹ̀ṣọ́ kìíní léjìká. Adarí rọra bi mí pé, "Ẹ̀jẹ̀ ò jáde bí?"

Mo ṣubú gbì.

Oṣó fi idán mú ẹ̀ṣọ́ kejì sùn. Àwọn méjì tó kù ń gbé àpótí adé, òun nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè wọ́ mi. Ni adarí bá gbé ìṣirò dé. Ohun téèyàn lè wọ́ nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju okun rẹ̀ lọ́nà 30 lọ, ní ìwọ̀n pọ́n-ùn. Tirẹ̀ jẹ́ 240. Nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, 230 ni mo wọ̀n. Ẹ̀wù irin mi, 55.

"Ẹ bọ́ ọ," ni oṣó wí.

Ó ku èmi àti ṣòkòtò péńpé. Ẹrù náà ṣì wúwo jù fún un, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré la sì ń rìn nígbàkigbà tó bá kàn án. Orí mi ń gbá òkúta, adarí ń fẹnu dún un lọ́kọ̀ọ̀kan: gbì, gbì, gbì. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi "alágbára má mèrò" kọrin.

Nígbà tá a máa yọ síta, ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ihò pẹ̀lú ìwé gbèsè lọ́wọ́. Èmi ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Aràrá wò ó, ó wò mí, ó sì fi ẹsẹ̀ mi lé e lọ́wọ́.