Àyípadà kékeré lórí sáìtì: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin àbúrò mi nínú iṣẹ́ ẹnjiníà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ẹ̀kọ́, tẹ́ ẹ máa gba òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń fún ẹnjiníà láṣẹ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ iwájú, ohun kan wà tó wù mí kí ẹ tètè mọ̀. Tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìwà tó yẹ ẹnjiníà ní yunifásítì, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹnì kan gbé owó wá, o gbà á tàbí o kọ̀ ọ́. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tó ń dán ẹnjiníà wò jù lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í gbé owó lọ́wọ́ wá. Ìbéèrè kékeré ló máa ń jẹ́: "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká kàn ṣe é báyìí, iṣẹ́ á tètè yá."

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló pa èèyàn 114 ní Kansas City, ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981. Òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ni, wọn ò tíì ṣí i ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, wọ́n fi irin gbọọrọ so afárá táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ kọ́ òrùlé, ọ̀kan wà lókè, èkejì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ijó làwọn èèyàn wá jó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Afárá òkè já, ó wó lé ti ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì wó lé àwọn tó wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn. Àwọn tó fara pa lé ní igba.

Bí wọ́n ṣe yà á níbẹ̀rẹ̀, irin kan ṣoṣo ló máa ti òrùlé wá, á gba inú bíìmù afárá òkè kọjá, á sì dé afárá ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan máa wà lábẹ́ bíìmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ irin rí i pé wàhálà ni: wọ́n á ní láti la ojú nọ́ọ̀tì sára irin gígùn náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí afárá òkè wà. Wọ́n wá dábàá pé kí wọ́n gé e sí méjì: ọ̀kan láti òrùlé dé afárá òkè, ọ̀kan yòókù láti afárá òkè dé ti ìsàlẹ̀. Téèyàn ò bá fara balẹ̀ wo àwòrán méjèèjì, á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fojú inú wo agbẹ́kànga méjì tó rọ̀ mọ́ okùn kan nínú kànga. Bí oníkálukú bá di okùn náà mú fúnra rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹni ìsàlẹ̀ bá so okùn tirẹ̀ mọ́ ìbàdí ẹni òkè, igi etí kànga tí wọ́n so okùn mọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan; ọwọ́ ẹni òkè ló máa mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀tì abẹ́ bíìmù òkè nìyẹn. Ẹrù rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ìṣirò tí kò gba àkókò ni ì bá fi èyí hàn, kò sì sẹ́ni tó ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ irin ní àwọn fóònù àwọn ẹnjiníà lórí àyípadà náà; àwọn ẹnjiníà ní àwọn ò gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òǹtẹ̀ ẹnjiníà wà lórí àwòrán tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún rí ohun tó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ: irin kan ṣoṣo ti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá kò lè gbé ju nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí òfin ìlú náà béèrè. Èyí tí wọ́n gé sí méjì kò ju nǹkan bí 30 lọ. Ẹnjiníà gbà pé oníṣẹ́ irin ló máa ṣírò ojú ìsopọ̀ yẹn, oníṣẹ́ irin gbà pé ẹnjiníà ti ṣe é. Ìpínlẹ̀ Missouri gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ẹnjiníà méjì. Jack Gillum, ọ̀kan nínú wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ro ìtàn yìí fún àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Agbaṣẹ́ṣe á ní irin 16, ìyẹn èyí tó nípọn tó mìlímítà 16, ti wọ́n, ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí àwọn lo 12. Ẹni tí kò bá ṣírò á rò pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ṣì kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irin 12 kan kò ní ju 56 nínú ọgọ́rùn-ún agbára irin 16 kan lọ. Ẹyọ mẹ́sàn-án irin 12 ló lè dípò ẹyọ márùn-ún irin 16, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá kọnkéré á ráyè wọ àárín wọn. Ẹ wọn irin náà fúnra yín kí wọ́n tó já a sílẹ̀, torí òmíràn wà lọ́jà tí kò tó 12 tí wọ́n ń pè é.

Bákan náà ni bákónì tó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí òkè ló ti ń fẹ́ ya. Àwọn tó ń da kọnkéré á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á lọ sùn sísàlẹ̀, kọnkéré á bò ó, ó parí. Kò sẹ́ni tó gbowó, kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dà á.

Ti kíúùbù, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n bù sínú àpótí kékeré láti fi dán agbára rẹ̀ wò, ló ń bí mi nínú jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti po kọnkéré ọ̀tọ̀, tí símẹ́ǹtì kún inú rẹ̀ dáadáa, fún kíúùbù nìkan, kí nọ́ńbà tó dáa lè jáde ní yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n dà á. Kọnkéré tí kò sí nínú ilé náà ni ìwé àyẹ̀wò yẹn ń jẹ́rìí sí. Ẹ máa wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń bù ú, kó sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dà á gan-an ni wọ́n ti bù ú.

Mo mọ̀ pé ìṣirò kọ́ ló máa nira jù fún yín. Onílé lè tó bàbá yín lọ́jọ́ orí. Fóómànù á ní òun ti ń da dẹ́kì kí wọ́n tó bí yín, òótọ́ sì lè ni. Ẹ tẹ́tí sí fóómànù tó mọṣẹ́, irú wọn ti kó ọ̀pọ̀ ẹnjiníà yọ. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ pe onílé ní Daddy tàbí Alhaji. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ pé: "Ẹ má bínú sà, mi ò lè buwọ́ lù ú báyìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣírò rẹ̀, màá mú èsì wá fún yín." Mi ò tíì rí àgbà tó pe ọmọ tó fẹ́ lọ ṣírò nǹkan ní aláfojúdi. Ohunkóhun tí ẹ bá sì sọ lẹ́nu lọ́sàn-án, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ti rí ohun tí ìjiyàn lórí ìpè fóònù dà ní Kansas City.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí. Ó lé ní ogójì ẹ̀mí tó bá a lọ, onílé náà wà lára wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ti kọ lẹ́tà sí onílé pé àwọn yọwọ́, torí àwọn àti onílé náà ò jọ rí i bákan náà mọ́ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lẹ́tà náà kò dá iṣẹ́ dúró. Ó tó nǹkan bí ogún oṣù lẹ́yìn rẹ̀ kí ilé náà tó wó, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà yín, ẹ kọ àjà tí ẹ bójú tó sínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù ní tààràtà, ẹ má fi èdè ọ̀wọ̀ bò ó. Tó bá jẹ́ Èkó ni, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́; ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ wá ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí COREN, torí ààbò ará ìlú ni òfin iṣẹ́ wa fi ṣáájú ohun tí onílé ń fẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín pé àwọn gbà á. Kí ẹ tó kúrò ní sáìtì náà, ẹ pe fóómànù àtàwọn òṣìṣẹ́ jọ, pàápàá àwọn tó ń sùn síbẹ̀, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń lọ fún wọn lédè tó yé wọn.