Kẹ́ ẹ tó gbé àwòrán aláràbarà fún supervisor

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ fi airflow simulation, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, ṣe project, ẹ gbọ́ tèmi. Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni mo mú, èmi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà nìkan ni mo mọ̀, ìta gbangba nìyẹn sì ń gbà dé Èkó.

Òru mẹ́ta ni mo fi tan jẹnẹrétọ̀ torí laptop, àwòrán wá jáde, pupa, búlúù, yẹ́lò, mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀, supervisor ò tiẹ̀ wo àwọ̀. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ tó wọlé mélòó, èyí tó jáde ńkọ́?" Mo ṣírò ẹ̀, kò bára mu rárá. Àṣé bí epo ṣe tán lóru ọjọ́ kẹta tí mo sì dá ìṣirò kọ̀ǹpútà dúró, kò tíì jinná, ẹ̀wà líle ni mo bù fún wọn.

Mo tún gbàgbé ọkọ̀ fúnra ẹ̀ o! Fáànù nìkan ni mo fi síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dúró lẹ́bàá express l'Ójòó tí tírélà kọjá, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń tì yín tá sì tún fà yín, nínú tọ́nẹ̀lì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ torí afẹ́fẹ́ ò ríbi yà sí, ọkọ̀ á máa tì í bọ̀ níwájú kó tó yọjú. Ooru bíréèkì náà ńkọ́? Ní London, amọ̀ tó yí àwọn tọ́nẹ̀lì jíjìn ká ti ń fa ooru mu láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òun náà ti gbóná.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa torí pé èsì ẹ̀ ṣàjèjì. Ní King's Cross, ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan ní London, 18 November 1987, iná mú escalator onígi, èèyàn 31 kú. Kọ̀ǹpútà ní iná yẹn ò kọ́kọ́ ga sókè, ó sùn mọ́lẹ̀ nínú kòtò escalator ni, ó sì ń sáré gòkè, ọ̀pọ̀ ò gbà. Wọ́n wá kan escalator kékeré, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, ó sùn lóòótọ́!

Èmi náà wá tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sí kọ́rídọ̀ ilé wa l'Ágbowó, mo ní kọ́mọ kan sáré kọjá, èéfín yẹn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé ẹnu géètì. Mo ṣì ń wò ó ni ìyá onílé jáde, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ finá sílé àwọn ni.