Àfonífojì Langtang lórí páálí: bí ètò ìrìn mi ṣe ń lọ

Okun o, ẹ̀yin ará.

Oṣù Kìíní

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń ya òkè Himalaya sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi níbí ní Ìjùmú, bẹ́ẹ̀ ojú mi kò tíì kan òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀ rí. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, nínú oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi rin àfonífojì Langtang ní Nepal, láti ẹnu ibi tí mọ́tò ń já èrò sí títí dé abúlé tó kẹ́yìn lókè. N kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kankan bá mi to ọjọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ mọ ibi tí n ó sùn, iye wákàtí tí n ó rìn lóòjọ́, àti ohun tí n ó gbé sẹ́yìn. Owó èsúsú ọdún mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe Everest. Ọkọ̀ ilẹ̀ ń gbé èèyàn láti Kathmandu dé Syabrubesi, níbi tí ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí pé à ń wọ bàlúù kékeré. Ilé àlejò wà lójú ọ̀nà, n kò ní ru àgọ́ àti ìkòkò. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ìlú ló wà nínú àfonífojì yẹn. Àwọn ará Tamang ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin yak, màlúù onírun gígùn tó ń gbé ibi òtútù. Èmi tí wọ́n bí sáàárín àpáta Ògìdì, mo fẹ́ rí bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé lábẹ́ òkè tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀lé irú ọ̀nà yìí, ẹ tètè mọ̀ pé ará Nàìjíríà kò lè gba físà Nepal ní pápákọ̀ òfurufú bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Ilé iṣẹ́ aṣojú wọn la ti ń gbà á kí a tó kúrò nílé. Mo ti fi ìwé mi ránṣẹ́.

Oṣù Kejì: páálí

Iṣẹ́ tí mo gbádùn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ròyìn rẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ pẹlẹbẹ kò sọ òkè fún ẹsẹ̀. Mo mú àwòrán tó ní ìlà gíga lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi ní Kàbà lórí ìwé mẹ́fà, mo sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà kọjá ló ga bákan náà. Ìyàwó mi ń tajà, nítorí náà páálí kò wọ́n wa. Mo gé páálí kan fún mítà 200 kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 1,400, tòkè pátápátá sì jẹ́ 5,000. Páálí 19 ló gbà. Gáàmù inú ìgò kéékèèké kò ká a, ni mo bá se sítáàṣì ẹ̀gẹ́, mo fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí i nítorí èèrà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ pọ̀ jù, páálí sì ká sókè bí ewé gbígbẹ. Mo tú mẹ́fà ká, mo tún wọn gé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi búlọ́ọ̀kù méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú.

Nígbà tí mo tò ó tán, mo dákẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé wa níbí kò ga tó mítà 600 lókè òkun. Bí n bá fẹ́ fi Ògìdì kún un, abẹ́ tábìlì ni n bá gbé e sí. Òkè Langtang Lirung fúnra rẹ̀, tó dúró lórí àfonífojì náà, ga ju mítà 7,200 lọ. Páálí mọ́kànlá ni n bá tún fi kún un kí n tó kàn án lórí. N kò ní páálí tó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní í gùn ún, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Mo fi òwú pupa ṣe ọ̀nà. Mo fi abẹ́rẹ́ olórí róbótó gún ibi tí n ó sùn: Syabrubesi ní nǹkan bí 1,500, Lama Hotel ní 2,400, abúlé Langtang ní 3,430, Kyanjin Gompa ní 3,870. Mo wá fi abẹ́rẹ́ pupa kan gún Tserko Ri, 4,984, ṣóńṣó tí àwọn arìnrìnàjò máa ń gùn láti Kyanjin kí wọ́n tó yí padà. Ọjọ́ mẹ́ta ní gígòkè, ọjọ́ kan fún ṣóńṣó, ọjọ́ méjì ní sísọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ojú ibi tí abúlé Langtang àtijọ́ wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ilẹ̀ mì tìtì ní Nepal. Yìnyín àti òkúta ya láti ara Langtang Lirung, wọ́n sì bo abúlé náà mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú níbẹ̀ ju igba lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù padà, wọ́n tún ilé kọ́ sí òkè díẹ̀ síbi tí àwókù náà wà, inú àwọn ilé yẹn sì ni àlejò ń sùn lónìí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé kí ni funfun yẹn. Mo sọ fún wọn. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́.

Oṣù Kẹta: ẹsẹ̀

N kò dá gun òkè níbí. Gbogbo wa la mọ bí igbó ṣe rí nísinsìnyí lápá ilẹ̀ Okun, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn èèyàn lójú ọ̀nà oko kò ní dá a ṣe. Bàbá ọlọ́dẹ kan ládùúgbò wa gbà láti máa bá mi lọ ní gbogbo Sátidé, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n rí àpò ẹ̀yìn mi ni: “Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe nínú oko?” Omi lítà mẹ́jọ ni mo kó sínú rẹ̀, kí ó lè wúwo.

A máa ń gòkè lọ sí ahoro, ibi tí àwọn baba wa gbé lórí àpáta nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe ń kó èèyàn nílẹ̀ wa lẹ́rú. Ojú òkúta tí wọ́n fi ń lọ ọkà ṣì jin kòtò. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá jókòó níbẹ̀, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tó ń ru omi gun ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo lọ gun òkè Patti ní Lọ́kọ́jà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú. Láti ìsàlẹ̀ ìlú dé orí rẹ̀, nǹkan bí mítà 400 ni. Nígbà tí mo délé, mo wo páálí mi: méjì péré ni mo ti gùn nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà ti yanjú. Àádùn kì í tètè bàjẹ́, kò fẹ́ iná, epo inú rẹ̀ ń gbé èèyàn ró. Mo fi kajú yíyan kún un, èyí tí a ní lọ́pọ̀ níhìn-ín. Ní ilé àlejò, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní dal bhat ni oúnjẹ wọn, kò jìnnà sí tiwa.

Oṣù Karùn-ún: aṣọ Ìyé

Ìyé, ìyá mi, ń hunṣọ lórí òfì ìnàró tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń gbé ti ògiri. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé omi ń dì lóru níbi tí mò ń lọ, wọ́n ní àwọn yóò hun kíjìpá tí n ó máa wọ̀ sínú àpò ìsùn. Wọ́n hun ìbú méjì, mo rán an bí àpò. Ó lẹ́wà, ó móoru. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ìyàwó mi: kílò kan àti ààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò ìsùn fúnra rẹ̀. Mo rì í sómi kí n lè dán an wò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ kejì lálẹ́ ló tó gbẹ. Òwú máa ń mu òógùn àti omi sára, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Níbi òtútù, aṣọ tútù lára lè pani.

Ó ṣòro láti sọ fún wọn. Mo ní, “Ìyé, ẹ má bínú, yóò wúwo fún mi.” Wọ́n wò mí pẹ́. “Kíjìpá ni mo fi pọ̀n ọ́ dàgbà. Ṣé ó wúwo fún mi ni?” N kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn fúnra wọn ló mú àbá wá: kí n gé ọ̀já méjì nínú rẹ̀, kí n fi wé okùn àpò ẹ̀yìn níbi tó ti ń gé mi léjìká. Mo rán an mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà èjìká mi kò bó mọ́. Aṣọ sílíìkì fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi rọ́pò inú àpò ìsùn.

Oṣù Kẹfà

Ìròyìn tó yí ètò mi padà: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba Nepal ti pàṣẹ pé kí àlejò tó bá ń rìn lórí òkè wọn ní amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó ra bàtà. Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà mo rántí pé èmi náà kò dá gun òkè ìlú mi. N ó gba amọ̀nà kan ṣoṣo, mo sì ti pinnu láti wá ọmọ àfonífojì yẹn gan-an. Ètò ọjọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé àṣẹ ọgbà ìjọba Langtang jẹ́ rúpìì 3,000 ti Nepal.

Oṣù Keje: dókítà

Mo lọ gba àyẹ̀wò ara, mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Dókítà bi mí ní jínótáìpù. Mo ní AS. Wọ́n fi bírò sílẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣègbéyàwó la máa ń bèèrè èyí. AA ni ìyàwó mi, nítorí náà mo gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí láyé mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó kan òkè. Dókítà ṣàlàyé pé níbi tó ga bíi Kyanjin, atẹ́gùn tí ara ń rí mí kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tó wà létí òkun. Bí atẹ́gùn bá fọ́n báyìí, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS náà lè tẹ̀ bí dòjé, kó dí ọ̀nà nínú ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tí wọ́n ń pè ní spleen, kí apá kan rẹ̀ kú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tára wọn le koko, tí wọn kò ṣàìsàn rí, títí kan àwọn tí kò mọ̀ pé AS làwọn.

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n má lọ. Wọ́n ní: “Tíṣà, ká ní SS ni yín, mi ò bá ní kí ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ ṣáà rọra gòkè, ẹ máa mumi, bí ìhà òsì bá dùn yín, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀.” Wọ́n bèèrè iye mítà tí mo ń gùn lọ́jọ́ kejì. Mo ní n ó padà wá sọ.

Mo délé, mo ka páálí. Láti Lama Hotel dé Langtang, márùn-ún. Ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn òkè fi lélẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti kọjá 3,000, kí ibi tí yóò sùn má fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná, kó sì máa sinmi lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Láti oṣù Kejì ni òwú pupa yẹn ti wà lójú mi, èmi olùkọ́ jọ́gíráfì, n kò sì rí i.

Oṣù Kẹjọ

Mo ti tú abẹ́rẹ́. Lama Hotel dúró níbi tó wà. Abẹ́rẹ́ tuntun wọ Ghoda Tabela, ní nǹkan bí 3,000, òru méjì. Langtang, òru méjì. Kyanjin, òru méjì. Ọjọ́ mẹ́fà ti di mẹ́sàn-án, owó amọ̀nà àti oúnjẹ sì ti lé sí i, nítorí náà kámẹ́rà tí mo fẹ́ rà kò sí mọ́. Fóònù mi yóò ṣe é. Mo ti wádìí pé ìwé adójútòfò tí n ó gbà yóò san owó hẹlikópítà láti ibi gíga bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọ AS sínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ pupa orí Tserko Ri pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kúrò lálẹ́ Wẹ́sìdeè, mo gún un padà, mo tún gbé e kúrò láàárọ̀. Kyanjin ni òpin ọ̀nà mi. N ó ní ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀ láti wo ilé ìjọsìn wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń fi wàrà yak ṣe wàràkàṣì, kí n sì jókòó níwájú Langtang Lirung.

Dókítà ti rí ètò tuntun náà, wọ́n fọwọ́ sí i. A ó tún sọ̀rọ̀ oògùn àìsàn ibi gíga lóṣù tó ń bọ̀.

Òwú pupa ṣẹ́kù díẹ̀ kó tó, Ìyé sọ pé àwọn ní irú rẹ̀. Ní Sátidé, Bàbá ọlọ́dẹ gbà pé ká sùn ní ahoro mọ́jú kí n lè dán àpò ìsùn wò. Mo ní láti ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì kí ọjà tó tú.